Nọ́ọ̀sì tó kàwé ní Nàìjíríà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba: bí ọ̀nà náà ṣe rí gan-an

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, níbi yòówù kó ti kàwé, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé orúkọ àjọ kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Nursing and Midwifery Council. Bí orúkọ ò bá sí níbẹ̀, kò sí ilé ìwòsàn tó lè gbà á síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ ti ìjọba, ì báà jẹ́ ti aládàáni. Físà o, ìwé ìgbanisíṣẹ́ o, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú o, orí orúkọ yẹn ni gbogbo wọn dúró lé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ni pé kò sí éjẹ́ǹtì kankan, ní Warri tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tó lè bá èèyàn ra ààyè síbẹ̀.

À ń kọ èyí nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa, láti Ekete Inland dé Ekete Waterside, àti káàkiri Warri. Ìyá kan á dìde ní ìpàdé, á ní ọmọ òun ti parí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, éjẹ́ǹtì kan sì ti ní kí àwọn lọ wá mílíọ̀nù mélòó kan wá, pé kó tó oṣù mẹ́ta ọmọ á ti wọ bàálù. “Mama, e go work,” ni éjẹ́ǹtì wí. Ìyá á wá bèèrè bóyá ẹgbẹ́ lè yá òun lówó, àbí kí òun ránṣẹ́ sílé kí wọ́n ta ilẹ̀. Ká tó dá owó, ká tó ta ilẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tí owó lè rà lójú ọ̀nà yìí àti ohun tí kò lè rà.

Àjọ méjì ni orúkọ wọn jọra, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti Nàìjíríà ni Nursing and Midwifery Council of Nigeria, olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá. Òun ló ń fún nọ́ọ̀sì tó kàwé níbí ní lísẹ́ǹsì. Ti Ìlú Ọba kò ní orúkọ Nàìjíríà lẹ́yìn. A ó máa pe ọ̀kan ní àjọ Àbújá, a ó máa pe èkejì ní àjọ Lọ́ńdọ̀nù, kó má baà dàrú mọ́ wa lójú. Iṣẹ́ àjọ Àbújá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kó jẹ́rìí: pé lóòótọ́ ni ẹni yìí kàwé, pé lísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, pé kò sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù ni kó dán ẹni náà wò fúnra rẹ̀.

Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1946 ni Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó, wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ó padà wálé, nígbà tó sì di 1964 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù ní UCH Ìbàdàn. Àmọ́ òun lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́hùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ti òde òní ti kàwé tán nílé kí wọ́n tó lọ, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi pọ̀ tó báyìí. Wọn ò mọ ilé-ẹ̀kọ́ Eku tàbí ti Agbor lọ́hùn-ún. Ìwé àti ìdánwò ló máa sọ̀rọ̀. Àwọn tó sì ti gbabẹ̀ kọjá kò kéré: nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2023, ó ti ju 10,000 nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó kàwé ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé Lọ́ńdọ̀nù.

Ta ni ọ̀nà yìí ṣí fún?

Ó ṣí fún ẹni tó ní lísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì láti ọwọ́ àjọ Àbújá, ìyẹn RN, àti fún agbẹ̀bí tó ní RM. Ẹni tó kọ́ nọ́ọ̀sì àwọn aláàrùn ọpọlọ náà lè wọlé, ẹ̀ka tirẹ̀ ni yóò gbà. Kò pọn dandan kó jẹ́ pé yunifásítì lèèyàn ti jáde. Ẹni tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lásán, bí ìwé yẹn bá ti fún un ní lísẹ́ǹsì níbí, ó lè béèrè. Ẹni tó bá ní RN àti RM pọ̀, kó mọ̀ pé ìdánwò nọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀, ìdánwò agbẹ̀bí ọ̀tọ̀. Èyí tó bá ṣe ni wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi kan, torí pé ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn wa ti ń jóná jù. Àwọn ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ ní kílíníìkì aládàáni, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ pé auxiliary ni wọ́n, ọ̀nà yìí ò ṣí fún wọn. Kò ṣí fún CHEW àti CHO náà. A ò sọ pé iṣẹ́ wọn ò níyì. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ọwọ́ wọn la bímọ sí. Ṣùgbọ́n wọn ò sí nínú ìwé àjọ Àbújá, àjọ Lọ́ńdọ̀nù ò sì lè gba ẹni tí àjọ Àbújá ò mọ̀. Éjẹ́ǹtì tó bá gba owó lọ́wọ́ auxiliary pé òun máa sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, olè ni.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n máa ń ti irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìyẹn náà ti yí padà. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, kíà ò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn gbígba kíà tuntun láti òkè òkun pátápátá. Ẹni tó bá ṣì ń ta físà kíà fún yín ní Warri lónìí, ẹ ní kó fi òfin tó gbé e lé hàn yín.

Nọ́ọ̀sì tó ní lísẹ́ǹsì ni wọn ò tíì dí lọ́nà, ó sì ṣì lè mú ẹbí rẹ̀ dání.

Láti Àbújá ni ìrìn-àjò ti ń bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé bí àwọn bá ti gba ìwé jáde, ó kù káwọn fò. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ rí, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ Àbújá gbé ìlànà tuntun jáde lórí bí wọ́n ṣe máa ń jẹ́rìí fún nọ́ọ̀sì tó ń lọ sókè òkun, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Ìlànà náà ní kí ẹni tó ń béèrè ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì, kí wọ́n sì ka ọdún méjì ọ̀hún láti ọjọ́ tí lísẹ́ǹsì pípé jáde, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ó parí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó ṣì ń lo lísẹ́ǹsì ìgbà díẹ̀, wọn ò ní dá a lóhùn rárá. Lísẹ́ǹsì náà gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán kó tó parí. Lẹ́tà ìwà rere gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ olórí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ wá, òmíràn láti ilé-ẹ̀kọ́ tó ti jáde kẹ́yìn, ọwọ́ àjọ ni lẹ́tà wọ̀nyí sì ń lọ tààrà. Wọ́n ní kí èèyàn fọkàn sí oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí iṣẹ́ ọ̀hún tó parí.

Àwọn nọ́ọ̀sì fárí gá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì yẹn, wọ́n jáde sí ìta ilé-iṣẹ́ àjọ náà ní Àbújá àti Èkó pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Àríyànjiyàn wọn yé èèyàn: àjọ Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ ló máa ń béèrè ìrírí oṣù méjìlá tẹ́lẹ̀, ó sì ti yọ ìyẹn kúrò, kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ilé la ti ń fi okùn mú wa? Ìjọba ní tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn ń ṣófo. Àwa ò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ohun tó kan òbí tó ń gbé Ekete ni pé kó má gba owó ẹgbẹ́ lórí ọmọ tó gba lísẹ́ǹsì lóṣù tó kọjá. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ wá iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ti aládàáni, kó gba ìwé ìgbanisíṣẹ́, kó sì tọ́jú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbi iṣẹ́ kan kó fi í sílẹ̀ dáadáa. A ti rí nọ́ọ̀sì tó bá ọ̀gá rẹ̀ jà lórí owó oṣù, tó bínú jáde láì kọ̀wé, tó wá di pé ọ̀gá yẹn kan náà ni yóò kọ lẹ́tà ìwà rere. Àti sún mọ́ ọn padà di ogun.

Ibi tí èèyàn ti ń kọ̀wé béèrè ni ojú òpó àjọ Àbújá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sanwó. Kò yẹ kí owó yẹn gba àkáǹtì ẹnikẹ́ni kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá le tó bẹ́ẹ̀ tó fi di pé èèyàn gbọ́dọ̀ lọ sí Àbújá fúnra rẹ̀, àwa tí a wà ní Udu tiẹ̀ ní àǹfààní kan: ojú irin tó ń lọ sí Itakpe, Ujevwu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ti ń gbéra. Láti Itakpe, mọ́tò ló kù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ

Èyí dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ òun ló ń dá àwọn ọmọ Yorùbá dúró jù. Orúkọ tó wà nínú páṣípọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti lísẹ́ǹsì mu, ti lísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ mu, ti ìdánwò gbọ́dọ̀ bá ti páṣípọ́ọ̀tì mu. Ẹ wá wo orúkọ tiwa. Ọmọ kan ń jẹ́ Oluwafunmilayo nínú ìwé ìbí, akọ̀wé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ Funmilayo, WAEC kọ Olufunmilayo, nígbà tó lọ́kọ orúkọ bàbá jáde, ti ọkọ wọlé. Fún àwa, ẹnì kan náà ni. Lójú ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Lọ́ńdọ̀nù, èèyàn mẹ́ta ni.

Fún àwa tí a bímọ sí ilẹ̀ tí kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, ó tún le sí i, torí ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé lè má gbọ́ èdè wa rárá. Mo ti rí Ayọ̀délé tó di Ayodili, mo ti rí Ṣadé tó di Chade. Kí òbí máa wo ìwé ọmọ láti kékeré.

Bí ó bá ti wọ́ nílẹ̀, àtúnṣe wà: ìbúra ní ilé-ẹjọ́, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, ìwé ìgbéyàwó fún ẹni tó yí orúkọ nítorí ọkọ. Kí wọ́n ṣe é kí wọ́n tó sanwó ìdánwò kankan. Ẹni tó dé ibi ìdánwò tí orúkọ páṣípọ́ọ̀tì rẹ̀ ò bá ti fọ́ọ̀mù mu, wọ́n lè dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, owó ti lọ nìyẹn.

Ohun kan wà tó dùn mọ́ni nínú gbogbo àyẹ̀wò yìí o. Lọ́ńdọ̀nù ò ní béèrè lọ́wọ́ ọmọ wa bóyá ọmọ onílẹ̀ ni tàbí àlejò ní Delta.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn èèyàn máa ń bínú síbí: “Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ́ wa láti jẹ́lé-ó-sinmi, kí ni wọ́n tún fẹ́ dán wò?” Ìdáhùn wọn ni pé Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ Lọ́ńdọ̀nù kà sí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kọ́. Kírẹ́díìtì WAEC ò tó o. Ìdánwò méjì ni wọ́n gbà, IELTS tàbí OET.

Bó bá jẹ́ IELTS, ti Academic ni, kì í ṣe General. Àmì tí wọ́n fẹ́ ni 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, àti 6.5 nínú kíkọ. OET jẹ́ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tó dá lórí iṣẹ́ ìlera. B ni wọ́n ń fẹ́ nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, C+ nínú kíkọ. Àwọn nọ́ọ̀sì kan fẹ́ràn OET torí lẹ́tà tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ jẹ mọ́ aláìsàn, ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ wọ́n ju ti IELTS lọ.

Ẹni tí ó bá fi díẹ̀ kùnà kó má sọ̀rètí nù. Àjọ náà gbà kí èèyàn pa èsì ìdánwò méjì pọ̀ bí wọn ò bá jìnnà síra ju oṣù méjìlá lọ; kó ṣáà má sí èyí tó wá sílẹ̀ ju 6.5 lọ nínú IELTS, tàbí 6 ní ti kíkọ. Èsì kan ò sì lè lò ju ọdún méjì lọ, nítorí náà ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tí Àbújá ń béèrè, bó bá sáré lọ ṣe IELTS lónìí, ó lè gbó sí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti fi èyí tẹ́ àjọ Lọ́ńdọ̀nù lọ́rùn, ilé-iṣẹ́ físà ò ní ní kó tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn

Ìdánwò iṣẹ́ pín sí méjì. Àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní CBT, Nàìjíríà níbí ni èèyàn ti lè ṣe é, ní ibùdó tí ilé-iṣẹ́ Pearson VUE fọwọ́ sí. Apá kan jẹ́ ìṣirò oògùn: ìbéèrè 15, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Apá kejì jẹ́ ìbéèrè 100 lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn, tó sì ka ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ tí àjọ Lọ́ńdọ̀nù gbé jáde, kò yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní 2023, Pearson VUE ṣàkíyèsí pé èsì ibùdó kan ní Ìbàdàn, Yunnik, kò jọ ti ibòmíràn. Àwọn kan ń parí ìdánwò láàárín àkókò tó kéré débi pé kò sí bí èèyàn ṣe lè ka ìbéèrè tán. Àjọ Lọ́ńdọ̀nù kéde pé jìbìtì ti gbilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000, ju 500 lọ nínú wọn ti wà nínú ìwé orúkọ, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, àwọn mìíràn ti dé lọ́hùn-ún tí wọ́n ń dúró de ìdánwò kejì.

Àjọ náà ò sọ pé gbogbo wọn ló jìbìtì. Ó ní òun kò lè fọkàn tán èsì ẹnikẹ́ni láti ibẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti kó ọmọ mẹ́ta lọ, tó ti ń san owó ilé, tí wọ́n wá ní kó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Àwọn kan pàdánù orúkọ wọn nínú ìwé náà. Àwọn tó sì fi òótọ́ inú jókòó ṣe ìdánwò wọn níbẹ̀, wọ́n jẹ nínú ìyà ẹni tó sanwó fún ẹlòmíràn láti bá a ṣe é.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún ọmọ yín pé òun mọ ibùdó tí wọ́n ti ń “ran èèyàn lọ́wọ́”, kí ọmọ náà jìnnà síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ka ìṣẹ́jú tí èèyàn lò lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè padà wò ó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Iṣẹ́ ni ẹ ń wá, ẹ ò gbọdọ̀ rà á

Lẹ́yìn tí àjọ Lọ́ńdọ̀nù bá ti gba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rí Àbújá àti CBT, ẹni náà lè wá iṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn éjẹ́ǹtì wa gan-an nìyí. Ní 2023, àjọ ìlera àgbáyé WHO fi Nàìjíríà sínú orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn ò tó. Ìlú Ọba gba ìyẹn wọlé, ó fi Nàìjíríà sí àkọsílẹ̀ pupa nínú òfin ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn tàbí éjẹ́ǹtì wọn ò gbọdọ̀ wá síbí wá ṣa nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló lè rí iṣẹ́ tí wọ́n polówó lórí ojú òpó NHS Jobs, kó kọ̀wé sí wọn tààrà, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí fídíò. Ẹni tó bá gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Effurun, tó ní NHS ló rán òun wá gba nọ́ọ̀sì, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Òfin yẹn kan náà sọ pé éjẹ́ǹtì ò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ni yóò san owó wọn. Ìwé tí wọ́n ń pè ní COS, tí a ń gbọ́ pé wọ́n ń tà ní mílíọ̀nù, nọ́ńbà lásán ni, agbanisíṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ ló ń fún òṣìṣẹ́, owó rẹ̀ kì í ṣe ti òṣìṣẹ́. Orúkọ gbogbo agbanisíṣẹ́ tó ní àṣẹ yìí wà lójútáyé lórí ojú òpó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ní fóònù lè wò ó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀.

Ká sì ka ìwé àdéhùn kí a tó fọwọ́ sí i. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí nọ́ọ̀sì bá kúrò kí ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó pé, yóò san owó tí wọ́n ná lé e lórí padà. Ó lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Kí wọ́n bèèrè iye rẹ̀, àti bó ṣe ń dínkù bí oṣù ṣe ń lọ.

Bí iṣẹ́ bá ti jáde, físà tó kàn ni Health and Care Worker, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Ẹni tó gbà á kì í san owó ìlera tí àwọn aṣíkiri mìíràn ń san. Yóò ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife ní ilé ìwòsàn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí, ó wà ní Èkó, ó wà ní Àbújá. Yóò sì gba ìwé ọlọ́pàá pé kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn. Bí agbanisíṣẹ́ ò bá kọ ọ́ pé òun yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, £1,270 gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì rẹ̀ fún ọjọ́ 28. Èsì ikọ́ ife kì í lò ju oṣù mẹ́fà lọ, kí wọ́n má tètè ṣe é jù.

Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀

Dídé lọ́hùn-ún kọ́ ni òpin. Ìdánwò kejì, OSCE, Ìlú Ọba nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, ní ibùdó márùn-ún: Oxford Brookes, Northampton, Northumbria, Ulster àti Leeds. Ojú ìdánwò mẹ́wàá ni, èèyàn á máa ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, ẹni tó ń ṣe bí aláìsàn wà níbẹ̀, ẹni tó ń fún ni lámì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú aláìsàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: kí o yẹ̀ ẹ́ wò, kí o gbèrò ìtọ́jú, kí o fún un lóògùn, kí o kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mẹ́rin jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, bíi títọ́jú egbò. Méjì tó kù jẹ́ ti ìwà àti ìmọ̀, kíkọ ni wọ́n ń kọ ọ́.

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ ní Warri kì í fi bẹ́ẹ̀ kùnà níbẹ̀. Ẹni tó ti gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn lábẹ́ iná fóònù, kí ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Ohun tó ń mú wọn ni àwọn nǹkan tí a máa ń fojú kéré nílé nítorí èrò tó pọ̀: kí o fọ ọwọ́ kó tó kan aláìsàn àti lẹ́yìn rẹ̀, kí o sọ orúkọ ara rẹ, kí o bi í léèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí o wo okùn ọwọ́ rẹ̀, kí o bèèrè oògùn tí ara rẹ̀ ò gbà, kí o gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kó o tó gún un lábẹ́rẹ́. Bí o bá ṣe é láì sọ ọ́ jáde lẹ́nu, wọ́n lè má rí i. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe àṣà láti ibi iṣẹ́ níbí.

Òfin físà fi àkókò sí i. Láàárín oṣù mẹ́ta tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe OSCE lẹ́ẹ̀kan. Láàárín oṣù mẹ́jọ, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọ ìwé. Títí dìgbà náà, olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n kà á sí, owó oṣù rẹ̀ sì kéré. Lẹ́yìn rẹ̀ ló máa bọ́ sí Band 5, tí owó ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti £31,049 ní England ní ọdún ìnáwó 2025/26. Ká má ka ìyẹn sí náírà ká máa jó. Owó orí, owó ilé àti iná á yọ nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Iye tí àjọ Lọ́ńdọ̀nù ti ń gbà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn nìyí: £140 fún àyẹ̀wò ìwé, £83 fún CBT, £794 fún OSCE, £153 fún ìforúkọsílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £1,170. Ẹni tó bá kùnà níbi díẹ̀ nínú OSCE, £397 ni yóò fi tún ibẹ̀ ṣe. Kí ẹni tó fẹ́ san án wo ojú òpó àjọ náà ní ọjọ́ tó fẹ́ san án, torí owó lè yí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn NHS ló ń san OSCE àkọ́kọ́ fún ẹni tí wọ́n gbà, àwọn mìíràn ń fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kún un. Tí a bá ṣírò ti Àbújá, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti físà mọ́ ọn, owó náà pọ̀, ẹgbẹ́ lè ràn ọmọ lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibi tí wọ́n ń san án sí, tó sì ní rìsíìtì. Bí ẹgbẹ́ bá máa yáni lówó, kó máa yá a ní ìpele ìpele: kó rí rìsíìtì IELTS kó tó yọ ti CBT.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ kan sí i: iṣẹ́ ò yọ̀ǹda lọ́hùn-ún mọ́ bíi ti 2022. Iye àwọn tó kàwé lókè òkun tó wọ ìwé Lọ́ńdọ̀nù láàárín oṣù kẹrin 2024 sí oṣù kẹta 2025 fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dínkù sí ti ọdún tó ṣáájú. Àwọn mìíràn ti ń wo ibòmíràn. Amẹ́ríkà ní ìdánwò tirẹ̀, NCLEX-RN, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì tirẹ̀. Físà wọn máa ń pẹ́ gan-an. Ireland ní àjọ NMBI. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn, ẹ̀rí àjọ Àbújá ò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó ti wọ ìwé Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n rántí pé ó ní àtúnṣe. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn ṣiṣẹ́ wákàtí 450 àti pé àwọn kẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 35, yàtọ̀ sí owó tí wọ́n ń san lọ́dọọdún. Ìwé orúkọ náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni; ẹni tó bá sọ pé òun jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, tó fẹ́ bá ọmọ yín ṣètò ọ̀nà, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ wò ó.